Ẹ Má Fi Àga De Àwọn Àgbà Wa Mọ́lẹ̀

Àwọn baba wa ló máa ń pa á lówe pé bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Ọgbọ́n ni wọ́n fi òwe yìí kọ́ wa, pé àgbà a máa wádìí ohun tí ó gbé òun ṣubú. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a mú òwe náà lónìí bí ó ṣe rí gan-an, láìfi ṣe àkàwé ohun mìíràn. Bí ọmọdé bá ṣubú, yóò dìde, yóò gbọn eruku ìdí rẹ̀ dànù, yóò sì tún máa sáré lọ. Bí ẹni ọdún 80 bá ṣubú ńkọ́? Bí egungun rẹ̀ kò tilẹ̀ ṣẹ́, bí ẹ̀jẹ̀ kò tilẹ̀ jáde lára rẹ̀, ọkàn rẹ̀ kì í balẹ̀ mọ́. Láti ọjọ́ náà lọ, ẹ̀yìn ni ó ń wò. Ibi gbogbo tí ó bá fẹ́ gbé ẹsẹ̀ sí, ìṣubú ni ó ń rí níbẹ̀.

Irú àwọn àgbà bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ mi dá lé lórí. Èrò mi ni pé ọ̀wọ̀ tí a ń bù fún wọn wà lára ohun tí ń dè wọ́n mọ́lẹ̀, àti pé àga kan náà tí a fi ń dè wọ́n ni a lè fi bẹ̀rẹ̀ sí í tú wọn sílẹ̀.

Ẹ wo ohun tí ó máa ń ṣẹlẹ̀ nínú ilé wa. Màmá yọ̀ ṣubú ní balùwẹ̀. A sáré gbé wọn dìde, a fi omi gbígbóná jó wọn lára, a fi òrí pa wọ́n, a sì dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run pé kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Láti ọjọ́ náà, gbogbo ilé gbára dì. Bí Màmá bá ní àwọn fẹ́ lọ bu omi, a ó ní, "Ẹ jókòó, Màmá, a ó bù ú wá." Bí wọ́n bá fẹ́ lọ wo ẹni tí ó ń kan ilẹ̀kùn, a ó ní, "Ẹ má wulẹ̀ yọ ara yín lẹ́nu." Àga ńlá kan ní pálọ̀ di ti Màmá. Oúnjẹ ń bá wọn níbẹ̀, omi ń bá wọn níbẹ̀, tẹlifíṣọ̀n sì wà níwájú wọn. Àwọn aládùúgbò ń yìn wá pé a mọ ìyá tọ́jú, wọn kò sì parọ́. Bí òkété bá dàgbà tán, ọmú ọmọ rẹ̀ ní í mu. Ọmọ tí ó bá jókòó tí ìyá rẹ̀ ń ru omi, ta ni yóò pè é ní ọmọlúàbí?

Ṣùgbọ́n ẹ padà wá wo Màmá yìí lẹ́yìn ọdún kan. Ẹni tí ó máa ń rìn dé ilé kejì láti kí wọn kú àárọ̀ tẹ́lẹ̀, ènìyàn méjì ni yóò gbé e dìde lórí àga báyìí. Kò lè dá lọ sí ilé ìyàgbẹ́ mọ́. Kò fẹ́ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́ṣáláṣí mọ́, nítorí ojú ń tì í kí wọ́n máa wọ́ ọ láàárín àwùjọ. Àwa a sì mi orí, a ó ní, "Àgbà ti dé sí Màmá." Ṣé àgbà nìkan ni ó dé? Rárá o. Àìlo ẹsẹ̀ náà wà níbẹ̀.

Ẹsẹ̀ tí a kò bá lò, agbára rẹ̀ kì í pẹ́ tán. Ní 2007, àwọn onímọ̀ ìṣègùn kan ní Amẹ́ríkà tẹ ìwádìí wọn jáde. Wọ́n ní kí àwọn àgbà díẹ̀ tí ara wọn le koko dùbúlẹ̀ sórí ibùsùn fún ọjọ́ 10 péré. Nígbà tí ọjọ́ náà fi pé, nǹkan bíi kílógíráàmù 1 ẹran ara ti dínkù ní ẹsẹ̀ wọn. Ẹ rántí pé àwọn wọ̀nyí kò ṣàìsàn. Kí ni a wá fẹ́ sọ nípa ẹni tí ó ti jókòó sójú kan fún ọdún kan gbáko?

Ìbẹ̀rù ìṣubú fúnra rẹ̀ kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ àwàdà. Ní 1982, Murphy àti Isaacs kọ̀wé nípa àwọn àgbà 36 tí wọ́n ti ṣubú. Wọ́n rí i pé ọ̀pọ̀ nínú wọn ni ẹ̀rù máa ń bà gidigidi bí wọ́n bá ti dìde dúró, tí wọ́n á sì máa nawọ́ gán ohunkóhun tí ó bá wà nítòsí. Ní 1990, Mary Tinetti àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Yale gbé òṣùwọ̀n kan jáde tí ó ní ìbéèrè 10. Wọ́n ń bi àgbà léèrè bí ọkàn rẹ̀ bá balẹ̀ pé òun lè wẹ̀, òun lè wọṣọ, òun lè jókòó kí òun sì dìde lórí àga, láìṣubú. Ẹ ò rí i pé àwọn ẹlòmíràn ti ka ẹ̀rù yìí sí ohun tí ó yẹ kí a máa wọ̀n, bí a ti ń wọn ẹ̀jẹ̀ ríru!

Ohun tí ó mú kí ọ̀rọ̀ náà le ni pé ẹ̀rù yìí ń bí ara rẹ̀ sí i ni. Ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bí ó bá rí ekòló, á sá. Nítorí pé àgbà ń bẹ̀rù àtiṣubú, ó jókòó. Nítorí pé ó jókòó, ẹsẹ̀ rẹ̀ rọ. Nítorí pé ẹsẹ̀ rẹ̀ rọ, ọjọ́ tí ó bá dìde, ó ṣubú lóòótọ́. Ìgbà náà ni yóò sọ pé, "Ṣé ẹ rí i? Mo ti sọ fún yín." Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò rẹ̀ pé nǹkan bí ènìyàn 684,000 ni ìṣubú ń pa lọ́dọọdún káàkiri ayé, àwọn tí ó ti lé ní ọdún 60 ni wọ́n sì pọ̀ jù nínú wọn. Nítorí náà, ẹ̀rù tí ń ba àwọn àgbà kì í ṣe ẹ̀rù òmùgọ̀. Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà sá fún ohun tí wọ́n ń bẹ̀rù ni kò dára.

Kí ni kí a wá ṣe? Ṣé kí a fa àgbà dìde tipátipá, kí a máa jágbe mọ́ ọn pé kí ó rìn? Ìwà àìmọ̀kan ni ìyẹn. Ariwo kì í lé ẹ̀rù lọ, ńṣe ni ó máa ń fi kún un. Ohun tí ó tọ́ ni pé kí a bá àgbà níbi tí ó wà. Orí àga ni ó wà, orí àga náà ni kí a ti bẹ̀rẹ̀. Nínú gbogbo ọ̀nà tí àwọn ènìyàn ti wá láti fi ìjókòó ṣe ìdárayá, èyí tí mo rí pé ó bá àwọn àgbà wa mu jù ni yógà orí àga.

Ilẹ̀ Íńdíà ni yógà ti wá, ó sì ti pẹ́ láyé. Ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ náà ní èdè Sáńskríìtì kò jìnnà sí sísopọ̀, bí ìgbà tí a bá fi àjàgà so màlúù méjì pọ̀. Bí ọ̀pọ̀ nínú wa bá gbọ́ yógà, ẹni tí ó fi orí dúró tí ó gbé ẹsẹ̀ sókè ni a máa ń rò. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí àwọn ará Íńdíà ń lò fún oríṣiríṣi ọ̀nà tí a ń gbà fi ara lélẹ̀ nínú yógà ni àsana, ìjókòó gan-an sì ni ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ náà láti ìpilẹ̀ṣẹ̀. Nítorí náà, ẹni tí ó jókòó ṣe yógà kò ṣe ayédèrú rẹ̀. Ní 1982 ni obìnrin kan ní Amẹ́ríkà, Lakshmi Voelker, bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ àwọn ènìyàn ní yógà lórí àga, nítorí àwọn tí làkúrègbé àti àwọn àìsàn mìíràn kò jẹ́ kí wọ́n lè jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Láti ìgbà náà ni ó ti tàn ká.

Ohun tí a nílò kò tó nǹkan. Àga onígi tí ó ní ẹ̀yìn, tí kò mì, tí kò sì ní táyà, ni a ó tì mọ́ ògiri. Kì í ṣe àga tìmùtìmù tí ènìyàn ń rì sínú rẹ̀. Àtẹ́lẹsẹ̀ méjèèjì gbọ́dọ̀ kan ilẹ̀ dáadáa. Bí ẹsẹ̀ Màmá kò bá tólẹ̀, kí a fi pákó pẹlẹbẹ sí i lábẹ́. Kí wọ́n bọ́ sílípáàsì tí ń yọ̀. Kí wọ́n sún síwájú díẹ̀ lórí àga, kí ẹ̀yìn wọn nà, kí wọ́n gbé ọwọ́ lé itan.

Èémí ni a ó fi bẹ̀rẹ̀. Kí wọ́n fi imú fa èémí sínú pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, kí wọ́n sì jẹ́ kí ó jáde díẹ̀díẹ̀ ju bí ó ti wọlé lọ, ní ìgbà márùn-ún. Lẹ́yìn èyí, bí wọ́n ti ń fa èémí sínú, kí wọ́n gbé apá méjèèjì sókè bí ẹni tí ó fẹ́ ká ọsàn. Bí èémí ti ń jáde, kí apá máa sọ̀ kalẹ̀. Kí wọ́n yí èjìká sẹ́yìn, kí wọ́n sì yí i síwájú. Kí wọ́n rọra yí ara sí ọ̀tún bí ẹni tí wọ́n pè lẹ́yìn, kí wọ́n tún yí i sí òsì, láìfi agbára ṣe é. Ó wá kan ẹsẹ̀. Kí wọ́n gbé orúnkún kan sókè kí wọ́n sọ̀ ọ́, kí wọ́n gbé ìkejì, bí ẹni tí ń gun àtẹ̀gùn. Kí wọ́n na ẹsẹ̀ kan síwájú gbọọrọ, kí wọ́n ka ení dé àrún kí wọ́n tó gbé e sílẹ̀. Kí wọ́n máa gbé gìgísẹ̀ sókè, kí wọ́n máa gbé ọmọ-ìka ẹsẹ̀ sókè, bí télọ̀ tí ń fi ẹsẹ̀ tẹ máṣíìnì ìránṣọ. Ní ìparí, kí wọ́n gbé ọwọ́ lé itan, kí wọ́n pa ojú dé bí ó bá wù wọ́n, kí wọ́n máa gbọ́ bí èémí wọn ti ń lọ tí ó ń bọ̀. Ìṣẹ́jú 10 tó láti fi bẹ̀rẹ̀.

Àwọn ìkìlọ̀ kan wà níbẹ̀. A kì í sé èémí mọ́nú. Bí ibì kan bá ń dun àgbà, tàbí bí òòyì bá ń kọ́ ọ, kí ó dáwọ́ dúró. Ẹni tí egungun rẹ̀ ti di ẹlẹgẹ́ kò gbọdọ̀ tẹ̀ síwájú púpọ̀ tàbí kí ó yí ara líle. Ẹni tí ó ní àìsàn ọkàn, tí àrùn rọpárọsẹ̀ ṣe, tàbí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe iṣẹ́ abẹ fún, kí ó kọ́kọ́ rí dókítà. Kí ẹnì kan tí ara rẹ̀ le sì wà nítòsí.

Ẹlòmíràn lè rẹ́rìn-ín pé kí ni gbígbé ẹsẹ̀ sókè sódò lórí àga lè ṣe fún arúgbó. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní ilé ìtọ́jú àwọn àgbà kan ní Boston. Maria Fiatarone àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ mú àwọn àgbà 10 tí ọjọ́ orí wọn wà láàárín ọdún 86 sí 96. Ọ̀sẹ̀ 8 ni wọ́n fi ní kí wọ́n máa jókòó na ẹsẹ̀ wọn láti gbé ẹrù tí ó wúwo. Àwọn 9 ni wọ́n ṣe é parí. Nígbà tí wọ́n kéde àbájáde rẹ̀ ní 1990, agbára itan wọn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po mẹ́ta ti àtẹ̀yìnwá, àwọn méjì nínú wọn sì ti ju ọ̀pá ìtilẹ̀ sílẹ̀. Lóòótọ́, èyí le ju yógà lọ, nítorí ẹrù ni wọ́n ń gbé. Ṣùgbọ́n ó fi hàn wá gbangba pé ẹni ọdún 90 kò tíì kọjá ẹni tí ara rẹ̀ lè tún lágbára sí i.

N kò ní tan ẹnikẹ́ni jẹ o. Yógà orí àga nìkan kò tó láti gba àgbà lọ́wọ́ ìṣubú. Ní 2019, àwọn onímọ̀ kan kó ìwádìí 108 jọ lórí àwọn àgbà tí ó ju 23,000 lọ. Wọ́n rí i pé ìdárayá ń dín ìṣubú kù ní nǹkan bí ìdá 23 nínú 100, ṣùgbọ́n èyí tí ó ṣiṣẹ́ jù ni èyí tí ń kọ́ ara bí a ti ń dúró láìta gọ̀ọ́gọ̀ọ́. Ẹnu ọ̀nà ni àga jẹ́, kì í ṣe ilé. Ẹni tí ẹ̀rù ń bà kò lè ti ojú ọjọ́ kan bẹ̀rẹ̀ sí í dúró lórí ẹsẹ̀ kan. Ṣùgbọ́n bí ó bá ti ń gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ sókè lórí àga fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan tí kò sì sí aburú, ọkàn rẹ̀ yóò bẹ̀rẹ̀ sí í gba ẹsẹ̀ rẹ̀ gbọ́. Ọjọ́ tí ó bá yá, yóò di àga mú, yóò dìde, yóò tún jókòó. Nígbà tí ó bá tún ṣe díẹ̀, yóò dúró lẹ́yìn àga, yóò di ẹ̀yìn rẹ̀ mú, yóò sì máa gbé gìgísẹ̀ sókè. Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ fi ń wọgbà.

Mo mọ̀ pé ìbéèrè kan wà lọ́kàn àwọn tí ń ka ìwé yìí. Ṣé yógà kì í ṣe ẹ̀sìn àwọn ará Íńdíà? Ìbéèrè náà tọ́, kò sì yẹ kí a fi ẹni tí ó bi í ṣe yẹ̀yẹ́. Lóòótọ́, yógà ní gbòǹgbò nínú ẹ̀sìn wọn. Ní 2008, ìgbìmọ̀ àwọn àgbà àáfà ní Màléṣíà sọ pé yógà tí a bá da orin ìsìn àti ìjọsìn pọ̀ mọ́ kò tọ́ sí Mùsùlùmí. Ní 2009, àwọn ti Indonéṣíà sọ irú ọ̀rọ̀ kan náà, ṣùgbọ́n wọ́n fi kún un pé èyí tí ó bá jẹ́ ìdárayá lásán kò ní èèwọ̀. Ní 2017, ìjọba Saudi Arébíà pàápàá gba yógà wọlé gẹ́gẹ́ bí eré ìdárayá. Ohun tí mo ń sọ níhìn-ín kò ní orin kankan nínú, kò sì ní òrìṣà kankan nínú. Ẹni tí orúkọ náà bá ṣì ń kọ lóminú, kí ó pè é ní ìdárayá orí àga, kò sí ẹni tí yóò bá a jà. Àbí a kò tíì rí àwọn bàbá tí ń jókòó sórí àga ní mọ́ṣáláṣí láti kírun, tí wọ́n ń tẹ̀ síwájú nígbà tí àwọn yòókù bá forí kanlẹ̀? A kò tíì rí àwọn ìyá tí ń fi ìjókòó jó ní ṣọ́ọ̀ṣì, tí wọ́n ń ju áńkáṣíìfù sókè? Àwọn àgbà wa ti mọ bí a ti ń fi ìjókòó lo ara tipẹ́tipẹ́.

Níbo wá ni ọ̀rọ̀ yìí ti kan àwa akẹ́kọ̀ọ́ èdè Yorùbá? Ó kàn wá gidigidi. Láti 2003 sí 2004, nígbà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Oyè Gureje àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ìbàdàn ṣèwádìí lórí àwọn àgbà 2,152 tí wọ́n ti pé ọdún 65 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ní ìpínlẹ̀ mẹ́jọ tí a ti ń sọ Yorùbá, èdè Yorùbá ni wọ́n fi bá wọn sọ̀rọ̀. Wọ́n mọ̀ pé bí a bá fẹ́ gbọ́ òótọ́ lẹ́nu àgbà, èdè rẹ̀ ni a ó fi bi í. Ní 2012, UCH ní Ìbàdàn ṣí ibùdó ìtọ́jú àwọn àgbà tí a fi orúkọ Olóyè Tony Anenih pè. Ohun rere ni. Ṣùgbọ́n ìyá tí ó wà ní Ìgbẹ́tì tàbí Ọ̀kà Àkókó kò lè máa wọ mọ́tò dé Ìbàdàn láti wá gbé ẹsẹ̀ sókè. Bí wọ́n bá sì fi ìwé ìtọ́ni ìdárayá lé e lọ́wọ́, èdè Gẹ̀ẹ́sì ni ó sábà máa ń jẹ́.

Iṣẹ́ wa nìyí. Bí a bá lè jókòó kọ àpilẹ̀kọ gígùn lórí gírámà àti lítíréṣọ̀, a lè kọ ìwé pélébé kan tí yóò sọ fún àgbà, ní Yorùbá tí ó já gaara, bí yóò ti fa èémí àti bí yóò ti gbé orúnkún. Kì í ṣe ìtumọ̀ gbọ̀rọ̀ fún ọ̀rọ̀. Ẹ sọ fún ìyá tí ó ti gúnyán fún ọdún 50 pé kí ó gbé apá sókè bí ẹni tí ń gúnyán, kò ní bi yín léèrè ohun tí ẹ wí. Ẹgbẹ́ wa lè ké sí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn tí ń fi ìdárayá wo ara kí wọ́n yẹ iṣẹ́ náà wò, kí a má baà kọ́ni ní àṣìṣe. Bí a bá sì lọ sílé fún ọlidé, kí olúkúlùkù wa gbé àga onígi kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti ìyá tàbí bàbá àgbà rẹ̀, kí ó jókòó, kí àwọn méjèèjì jọ máa ṣe é. Kò ní dàbí ìgbà tí ọmọdé ń pàṣẹ fún àgbà.

Kí á yé sọ fún wọn pé kí wọ́n ṣáà jókòó. Bí wọ́n bá ní àwọn fẹ́ bu omi, kí a bá wọn rìn lọ síbẹ̀. Àwọn àgbà ní ohun tí àgbà rí ní ìjókòó, bí ọmọdé dúró, kò lè rí i. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n kò sí ibi tí wọ́n ti sọ pé kí àgbà máà tún dìde mọ́. Ọlọ́run yóò jẹ́ kí a fi ẹsẹ̀ ara wa rìn dé ogbó. Àṣẹ.